Ọ̀dà, Búrọ́ọ̀ṣì àti Akọ́bẹ̀rẹ̀: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Àwòrán Kíkùn Nílẹ̀ Yorùbá

Àwòrán tí wọ́n kùn láti gbé kọ́ ara ògiri kò tíì ju nǹkan bí ọgọ́fà ọdún lọ nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n fífi àwọ̀ kun nǹkan, àti fífi iṣẹ́ náà lé ọmọ ẹ̀yìn lọ́wọ́, ti wà tipẹ́tipẹ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ló ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè, wọ́n sì ń tún un kùn lọ́dọọdún bí ọdún òrìṣà náà bá ti ń sún mọ́lé. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa púpọ̀ nínú àwọ̀ tí wọ́n ń lò. Funfun, pupa àti dúdú ló sì ń ṣe olórí, ìyókù ń tẹ̀lé wọn. Kò sí kíláàsì kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ náà yóò tẹ̀ lé àwọn àgbà, yóò pọn omi, yóò lọ àwọ̀, yóò pa ògiri kó lè dán, títí wọn yóò fi gbà á láyè láti fọwọ́ kan ibi tí gbogbo ayé ń wò.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn aládìírẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, ìyẹ́ adìyẹ sì ni búrọ́ọ̀ṣì wọn. Akọ́bẹ̀rẹ̀ a máa ya ọnà kan ṣoṣo léraléra títí yóò fi mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọjọ́ á pẹ́ kí wọ́n tó fún un ní odindi aṣọ bí Ìbàdàndùn, tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà lára ọnà rẹ̀, pé kó dá gbogbo ojú rẹ̀ yà. Ọ̀nà méjèèjì yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú kí àwòrán jọ ẹni tó jókòó níwájú ẹni. Ohun tí ìyá ìyá ẹni yà ni ọmọ ń yà, tí ọwọ́ tirẹ̀ yóò sì hàn nínú rẹ̀ bó pẹ́ bó yá.

Ẹni tó kọ́kọ́ lépa ìjọra yẹn lójú méjèèjì ni Àìná Ọnàbólú, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀. Àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn òyìnbó ló ń wò yà láti kékeré, kò sì jáwọ́ nígbà tó di akọ̀wé iléeṣẹ́ ìjọba l'Ékòó. Ní 1906 ó fi ọ̀dà olómi kun àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, iṣẹ́ tí àwọn òpìtàn ọnà sábà máa ń fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn àwòrán ìgbàlódé ní Nàìjíríà. Láàárín àwọn amúnisìn, ọ̀pọ̀ ni kò gbà pé adúláwọ̀ lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni àwòrán ojú ènìyàn ṣe di ẹjọ́ tí Ọnàbólú ń fi búrọ́ọ̀ṣì rò títí ó fi dàgbà. Ní 1920 ó tẹ ìwé pélébé kan jáde lórí iṣẹ́ ọnà, ó kun àwòrán Dókítà Sápárá, ó sì wọkọ̀ òkun lọ sí iléèwé ọnà St John's Wood ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó dé Académie Julian ní Paris pẹ̀lú. Ní 1922 ó ti padà wá sílé.

Lẹ́yìn ìpadàbọ̀ rẹ̀ ló mú iṣẹ́ olùkọ́ ní ọ̀kúnkúndùn. King's College, CMS Grammar School, Eko Boys' High School àti iléèwé mìíràn l'Ékòó ló ń yí ká, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà kà sí ohun tó yẹ ọmọ adúláwọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní «Mr. Perspective», nítorí ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù lọ: bí ojú ọ̀nà ṣe ń tóóró bó ṣe ń jìnnà, bí òpó òkèèrè ṣe ń kúrú ju ti ìtòsí lọ, bí ìlà òrùlé àti ìlà ẹsẹ̀ ògiri ṣe ń sún mọ́ra títí wọn yóò fi pàdé lójú kan. Ẹ̀yìn èyí ni ìmọ́lẹ̀ àti òjìji yóò tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọ̀. Ẹ̀kọ́ gbígbẹ ni lójú ọmọ iléèwé, kò sì sí àní-àní pé àwọn mìíràn sùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àǹfààní kan tí àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú kì í rántí: pẹ́ńsù, rúlà àti tákàdá ti tó láti fi kọ́ ọ.

Ọ̀dà fúnra rẹ̀ ni ìṣòro. Ọ̀dà olóròóró, tí Ọnàbólú fi kun púpọ̀ nínú àwòrán àwọn gbajúmọ̀, jẹ́ àwọ̀ lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀. Òróró yìí kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ló ń gbà sára tó fi ń le, ìyẹn sì lè gba ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀, pàápàá bí ọ̀dà bá nípọn. Láti 1841 tí John Goffe Rand, ará Amẹ́ríkà kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ti ṣe túùbù onítánńganran ni ọ̀dà yìí ti di ohun tí akọ́bẹ̀rẹ̀ lè rà láìlọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ọkọ̀ òkun ló ń gbé e wá sí Èkó, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó ọmọ iléèwé. Yàtọ̀ sí owó, ó fẹ́ kánfáàsì tí wọ́n ti nà tí wọ́n sì ti kùn nílẹ̀, ó fẹ́ tapentáìnì láti fi là á àti láti fi fọ búrọ́ọ̀ṣì, ó sì fẹ́ ibi tí nǹkan tútù lè wà tí ẹnikẹ́ni kò ní fara nù ún. Kíláàsì ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ìdí nìyí tí akọ́bẹ̀rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ọ̀dà olómi, tí ọ̀dà olóròóró sì dà bí ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́ de àgbàlagbà.

Ọnàbólú bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ kún òun. Ẹni tí wọ́n rí ní 1927 ni Kenneth Murray, ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi Oxford sílẹ̀ láìgboyè. Àwọn méjèèjì kò lè fẹnu kò. Bí Ọnàbólú ṣe ń sọ pé kí ọmọ kọ́ òfin tí òyìnbó fi ń ya àwòrán kó lè bá wọn dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni Murray ń sọ pé òfin yẹn gan-an ni yóò ba ohun tí ọmọ náà bá wáyé jẹ́. Ní Government College Ìbàdàn àti ti Umuahia, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kun ohun tí wọ́n mọ̀ nílé: ọjà, ayẹyẹ, iṣẹ́ oko. Kí wọ́n fi ọkàn rántí rẹ̀ ni, kì í ṣe kí wọ́n wo ìkòkò tó wà lórí tábìlì yà. Ní 1937, iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ márùn-ún wà lójú àfihàn ní Zwemmer Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù. Murray fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà láti máa kó ohun àtijọ́ jọ, òun ló sì ṣe agbátẹrù ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí tó ṣí l'Ékòó ní 1957.

Gbajúmọ̀ jù nínú àwọn márùn-ún náà ni Ben Enwonwu. Ní 1944 ó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní iléèwé ọnà Slade, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ohun tí Murray kò fẹ́ kọ́ ọ. Nígbà tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ó fi ọ̀dà olóròóró kun àwòrán ọmọọba Ifẹ̀ kan, Adétútù Adémilúyì, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Tutu. Ọ̀kan nínú ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n tà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2018 ní owó tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ojú tó wà nínú àwòrán yẹn jẹ́ ojú tí Ọnàbólú ìbá tẹ́wọ́ gbà láìjanpata.

Àwọn tí kò rí ààyè ní kíláàsì Ọnàbólú tàbí ti Murray pọ̀ ju àwọn tó rí i lọ. Akínọlá Láṣekan, tí ìdílé rẹ̀ ti Ọ̀wọ̀ wá, fi ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti òkè òkun kún ohun tó dá kọ́, ó di ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ fún ìwé ìròyìn West African Pilot, ó sì kọ ìwé fún àwọn ọmọ iléèwé tó fẹ́ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán. Ẹ̀bá títì sì ni iléèwé tó tóbi jù lọ wà. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ pátákó ìpolówó àti àwọn tó ń kun ara ọkọ̀ akẹ́rù, ọmọṣẹ́ ń fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì ọ̀gá, ó ń fi sáńpépà ra pátákó, ó ń kun ojú rẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́tà ni wọn yóò kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́, ojú ènìyàn ló máa ń kẹ́yìn. Ọ̀dà dídán inú agolo tí wọ́n ń lò jẹ́ ìbátan ọ̀dà olóròóró, kì í gbẹ kíákíá, nítorí náà iṣẹ́ mẹ́ta mẹ́rin máa ń wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: bí ọ̀kan bá ń gbẹ, wọn a bọ́ sórí èkejì. Ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ bá ṣe fìrídọ̀mù, ó ti mọ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan nípa bí ọ̀dà ṣe ń hùwà nínú oòrùn àti òjò. Àwọn òpìtàn ọnà kì í fi bẹ́ẹ̀ ka àwọn wọ̀nyí kún, ó sì yẹ kí wọ́n kà wọ́n.

Ní àwọn ọdún 1950, ẹ̀kọ́ àwòrán di ohun tí ènìyàn lè fi gbàwé ẹ̀rí nílé. Iléèwé ìmọ̀ ẹ̀rọ Yábàá l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka ọnà. Ẹ̀ka ọnà ti Nigerian College of Arts, Science and Technology bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1953, ó sì kó lọ sí Zaria ní 1955. Níbẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti dá ẹgbẹ́ ọnà tiwọn sílẹ̀ ní 1958, Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo wà lára wọn. Èrò wọn ni pé kí ènìyàn gba ìmọ̀ ọ̀dà òyìnbó, kó má sì fi ọgbọ́n ilé sílẹ̀, kó mú èyí tó wúlò nínú méjèèjì. Ìjà Ọnàbólú àti Murray ni wọ́n gbé dé orí àdéhùn. Grillo, ọmọ Èkó láti àdúgbò àwọn Àgùdà, padà sí Yábàá, ó sì darí ẹ̀ka ọnà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Àwọ̀ búlúù tó ń tàn nínú àwòrán rẹ̀ ń mú ènìyàn rántí aró. Ṣùgbọ́n bí akọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe ń wọlé ní Yábàá kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti Ọnàbólú: ó gbọ́dọ̀ mọ yíyà kó tó mọ kíkùn.

Ibi tí wọ́n ti yí ètò yìí padà ni Òṣogbo. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó dé Yunifásítì Ìbàdàn ní 1950, ti gbìyànjú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ nígbà tó gbé ọ̀dà lọ fún àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Láńtorò, Abẹ́òkúta, tó sì rí i pé àwọn tí kò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì rí ń kun àwòrán tó lágbára. Ní 1962, òun àti Dúró Ládipọ̀, ọ̀gá eléré orí ìtàgé, dá ibùdó ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ọdún náà ni Denis Williams, ayàwòrán ọmọ Guyana tó ti kọ́ni ní Khartoum, darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀, ó sì tún darí òmíràn ní 1963. Ọjọ́ díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, ìlẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní ìwé ẹ̀rí. Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé, tí wọ́n jẹ́ òṣèré nínú ẹgbẹ́ Dúró Ládipọ̀, ni orúkọ wọn kọ́kọ́ jáde níbẹ̀.

Ní 1964 ni Georgina Betts, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tó wá di Georgina Beier, gba iṣẹ́ náà. Ọ̀nà tirẹ̀ le láti ṣàlàyé nítorí pé ohun tí kò ṣe ló ṣe pàtàkì jù. Kò kọ́ wọn ní ìlà tó ń pàdé lókèèrè, kò gbé ìkòkò síwájú wọn, kò yà á hàn wọ́n. Ó fún wọn ní ohun èlò, ó ń rìn káàkiri, ó ń wò. Bí ó bá rí ibi tí ọwọ́ ẹnì kan ti ṣe ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, á dá a dúró níbẹ̀, á ní kó tẹ̀ síwájú lójú ọ̀nà yẹn. Lẹ́yìn tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ parí, ó ń bá àwọn tó fi ìtara hàn lọ, wọ́n sì ní àyè láti máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ìpín kejì yìí ni àwọn tó ń sọ ìtàn Òṣogbo máa ń fò. Ọjọ́ díẹ̀ nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di ayàwòrán, ọdún tó tẹ̀ lé e ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó jáde níbẹ̀ kò jọ ara wọn rárá, èyí sì ni ẹ̀rí tó dára jù fún ọ̀nà Georgina. Táíwò Ọláníyì, tó ń jẹ́ Twins Seven-Seven, jẹ́ oníjó tó bá olóògùn kan kiri wá sí Òṣogbo. Tádàwá ló fi ń fa ìlà tíntìntín tí kò lópin, iwin àti ẹranko kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Mùráínà Oyèlámì láti Ìràgbìjí, onílù àti òṣèré, ń fi àwọ̀ ńláńlá gbé ojú ènìyàn àti ilé kalẹ̀ láìsí wàhálà. Jímọ̀h Búráímọ̀, tó ń mójú tó iná mànàmáná fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládipọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ àwòrán, bí ẹni pé ó ń ṣe adé ọba fún pátákó. Adébísí Fábùnmi pẹ̀lú wà lára wọn.

Àwọn tó kàwé ọnà ní Zaria àti Yábàá kò dákẹ́. Wọ́n ní àwọn òyìnbó tó ń rà á ló ń gbé iṣẹ́ náà ga, wọ́n sì ní àìmọ̀kan ni wọ́n ń pè ní òmìnira. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀: òyìnbó ló ń ra púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, àwọn kan nínú ọmọ ẹ̀yìn tó wá lẹ́yìn sì ń ṣe àdàkọ ohun tó tà. Ṣùgbọ́n ìjà náà gbójú fo ohun kan tó wà nínú agolo. Páálí líle àti ọ̀dà tó ń gba omi, títí kan ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ògiri ilé, ni àwọn ará Òṣogbo fi bẹ̀rẹ̀. Wọn kò wọ́n, wọn kò fẹ́ tapentáìnì, wọ́n sì ń gbẹ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Ẹni tó bá kun ohun tí kò dára láàárọ̀ lè kun òmíràn lé e lórí lọ́sàn-án. Bó bá jẹ́ ọ̀dà olóròóró ni wọ́n kó wá, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ ì bá ti parí kí àwòrán àkọ́kọ́ tó gbẹ. Olùkọ́ tó ń kọ́ni lófin nílò ọ̀dà tó ń dúró de ènìyàn, èyí tó ń wá ohun tó bá ṣẹ́ yọ sì nílò ọ̀dà tó ń sáré.

Òṣogbo bí ọmọ. Ní 1968 Yunifásítì Ifẹ̀ dá ibùdó Orí Olókun sílẹ̀, níbi tí Solomon Wangboje ti ń darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọnà fún àwọn ará ìlú. Ní 1983 Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé ṣí ibùdó tirẹ̀ ní Òṣogbo, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdírẹ, bátíìkì àti àwòrán láìgba kọ́bọ̀. Ní 1998, Bruce Onobrakpeya bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìgbà ọyẹ́ ní Agbarha-Otor, ó sì kó àgbà ayàwòrán àti akọ́bẹ̀rẹ̀ pọ̀ sójú kan.

Ọ̀dà àkírílíìkì ló wá sọ ohun tí Òṣogbo fi ọ̀dà ilé ṣe di ohun tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe. Amẹ́ríkà ló ti jáde. Ní 1955 ni irú èyí tí wọ́n ń fi omi là, tí wọ́n pè ní Liquitex, jáde sọ́jà fún àwọn ayàwòrán. Àwọ̀ wà nínú oje tí wọ́n ṣe ní ilé ìmọ̀ kẹ́míkà. Bí omi inú rẹ̀ bá ti fẹ́ lọ, oje náà á di awọ tó rọ̀ tí omi kò tún lè tú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà láti gbẹ, nígbà ọyẹ́ sì rèé, ó lè gbẹ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì kó tó kan kánfáàsì. Àwọn olùkọ́ ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń bá a jà: wọ́n ń fi aṣọ tútù sábẹ́ àwọ̀ tí wọ́n tú sílẹ̀, wọ́n ń fọ́n omi sí i, wọ́n sì ń kìlọ̀ pé kí búrọ́ọ̀ṣì má ṣe jáde nínú omi láìnídìí. Nínú àwọn àṣìṣe akọ́bẹ̀rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì tó le bí igi ló pọ̀ jù.

Ọ̀dà méjèèjì lè gbé pọ̀ lórí àwòrán kan, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìpò. Àkírílíìkì lè wà lábẹ́, kí olóròóró wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá yí i padà, àkírílíìkì kò ní dì mọ́ òróró, yóò ṣí kúrò nígbà tó bá yá. Òfin mìíràn wà fún olóròóró fúnra rẹ̀: ìpele àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, kí tapentáìnì pọ̀ níbẹ̀, kí òróró máa pọ̀ sí i bí ìpele ṣe ń gòkè, nítorí pé èyí tó lọ́ràá kì í tètè gbẹ, bí èyí tó fẹ́lẹ́ bá sì gbẹ lé e lórí, yóò sán. Èyí ló bí àṣà tó wọ́pọ̀ nísinsìnyí, pé kí akọ́bẹ̀rẹ̀ fi àkírílíìkì gbé àwòrán kalẹ̀, kí ó sì fi ọ̀dà olóròóró parí rẹ̀ lẹ́yìn tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti le díẹ̀. Ní ojú àwọ̀ ènìyàn dúdú, ọ̀dà olóròóró ṣì ń borí, nítorí pé ó ń fún ènìyàn láyè láti po búrẹ́ùn, búlúù àti pupa mọ́ra wọn lórí kánfáàsì gan-an títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò fi yí láti inú ìmọ́lẹ̀ sí òjìji.

Owó kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, ohun tó ń ti òkè òkun bọ̀ di ọ̀wọ́n, ọ̀dà wà lára rẹ̀. Ní àwọn ọdún yẹn ni Moyọ̀ Òkédìjí, olùkọ́ ní Ifẹ̀, tó ti ń ṣèwádìí àwọn obìnrin tó ń kun ojúbọ, bẹ̀rẹ̀ sí í lo erùpẹ̀ ilẹ̀ ilé gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Òun, Kúnlé Fílání, Tọ́lá Wẹwẹ, Bọ́lájí Campbell àti Túndé Nàsírù ló dá ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀ ní 1989. Nínú ìdánwò wọn, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń wa ilẹ̀, ó ń sẹ́ ẹ, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń wá ohun tí yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àwòrán. Èyí jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ọ̀dà tí túùbù kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni.

Lónìí, ìwọ̀n àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ ní ló ń pinnu ọ̀dà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. L'Ékòó, àwọn ibi tí ènìyàn ti lè sanwó wọlé lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n fún un ní ohun mímu, kánfáàsì kékeré àti búrọ́ọ̀ṣì, àkírílíìkì nìkan ni wọ́n ń lò, nítorí pé àlejò gbọ́dọ̀ gbé àwòrán rẹ̀ lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ní Yábàá, akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń fi ọdún méjì àkọ́kọ́ tọ́ gbogbo ẹ̀ka ọnà wò, láti yíyà dé gbígbẹ́ ère. Ìpele tó tẹ̀ lé e, ti HND, ni ẹni tó bá yan àwòrán kíkùn ti ń gbájú mọ́ ọn.